Míkísà Ọlọ́dún Ogójì Kan ní Ìbàdàn: Ohun Tí A Tún Ṣe, Ohun Tí A Yí Padà, àti Ohun Tí A Fi Sílẹ̀

Míkísà tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tí ń po ohùn pọ̀, jẹ́ oní-ṣánẹ́lì 24: ọ̀nà 24 ni ohùn lè gbà wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, sítúdíò kékeré kan ní Ìbàdàn ni ó sì wà láti ìgbà tí bàbá tí ó ni sítúdíò náà ti rà á ní àlòkù. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú, àwọn oníwákà àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ohùn wọn ti gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bàbá ránṣẹ́ pè mí, ẹ̀sùn mẹ́rin ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ó ń kùn bí oyin. Ó ń hó ṣìì bí epo lórí iná, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ṣánẹ́lì mẹ́fà ti dákẹ́, àwọn tí ó kù sì ń ha pàrà-pàrà bí a bá ti fọwọ́ kan fédà wọn, ohun tí a ń tì sókè sódò láti fi kún ohùn tàbí láti dín in kù. Ẹ̀sùn kẹrin, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ń lọ, bí ẹni tí ń sọ ohun tí kò tó nǹkan: nígbà míì, maikirofóònù a máa ta akọrin ní ètè.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé orin ni àwọn mẹ́ta yòókù ń bà jẹ́, ènìyàn ni èyí lè pa. Mo tú orí púlọ́ọ̀gì míkísà náà. Wáyà mẹ́ta ló yẹ kí ó wà níbẹ̀, méjì ni mo bá. Ẹnì kan ti gé wáyà áàtì, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, ó sì ti fi téèpù dúdú dì í mọ́ra dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi gé e kò ṣòro láti mọ̀: bí wọ́n ti gé e ni ìkùn náà dín kù, gbogbo ènìyàn sì simi. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn ni ó ń kó iná tí ó bá ṣìnà sára irin míkísà lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná náà á máa wá ọ̀nà mìíràn, akọrin tí ó bọ́ bàtà sílẹ̀, tí ó dúró lórí sìmẹ́ǹtì, tí ó sì fi ètè kan irin maikirofóònù, ni yóò di ọ̀nà náà. Mo fi mítà wọn iná tí ó wà láàárín ara irin míkísà àti páìpù omi ẹ̀yìn ilé: ó tó fóòtì 90 (90 V). Mo sọ fún bàbá pé n kò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí a ó fi dá wáyà náà padà, tí oníṣẹ́ iná yóò sì ri irin áàtì tuntun mọ́ ẹ̀yìn sítúdíò. Wọ́n gbà láìjanpata. Bí a ti dá a padà ni ìkùn náà tún pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí mo ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni maikirofóònù kò ti ta ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwé kankan kò bá míkísà náà wá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ irú èyí a máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àwọn IC, àwọn èròjà dúdú kéékèèké tí ohùn ń gba inú wọn kọjá, mo sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára wọn: méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, méjì tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀sẹ̀. 8309, 8312 àti 8314 ni mo ń rí káàkiri. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 1983 ni àbíkẹ́yìn wọn jáde, wọn kò sì lè ti to míkísà náà pọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nínú IC tí ó lé ní igba, mẹ́ta péré ni nọ́ńbà wọn jẹ́ ti àwọn ọdún 1990. Ẹnì kan ti tún ibẹ̀ ṣe rí, onítọ̀hún sì mọ iṣẹ́, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì ń dán, kò sì jó ìlà bàbà kankan kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tí wọ́n jó àwọn èròjà mọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ẹ̀rọ tí ọwọ́ oníṣẹ́ gidi ti kàn yàtọ̀ gan-an sí èyí tí wọ́n ti ṣe báṣubàṣu.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọjú sí ìkùn. Ohun tí àwọn ará sítúdíò ń gbọ́ bí ìkùn kan ṣoṣo, ìkùn méjì ni. Iná NẸ́PÀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkùn tí ó bá ti ara wáyà áàtì tàbí ti ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà wọlé, 50 yìí ni yóò jẹ́, ohùn rẹ̀ á nípọn, á sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpótí iná bá ti sọ iná náà di DC, iná tí kì í lọ bọ̀, èérún tí kò bá mọ́ nínú rẹ̀ á di 100, ohùn tiwọn á sì le díẹ̀, á máa ráńdún. Mo gbé ọsilosíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń fi bí iná ti ń lọ hàn lójú, sí ibi tí ohùn ti ń jáde nínú míkísà, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì. Ẹni tí ó bá ń lé ìkùn láìkọ́kọ́ mọ èwo ni ó ń lé yóò gé wáyà áàtì nígbẹ̀yìn ni, nítorí pé yóò ti rẹ̀ ẹ́.

Ti 100 ni ó rọrùn jù. Àpótí iná míkísà náà dá dúró lọ́tọ̀: ó ń pèsè fóòtì 17 àti fóòtì 17 òdì fún àwọn IC, ó sì ń pèsè fóòtì 48 fún àwọn maikirofóònù tí wọ́n nílò iná. Kapásítọ̀ ńlá mẹ́rin, èròjà tí ń tọ́jú iná pamọ́ kí ó lè máa lọ geere, ni ó wà nínú rẹ̀. Orí méjì ti wú, ọ̀kan sì ti da omi aláwọ̀ tíì sára pánẹ́ẹ̀lì. Omi kẹ́míkà ni ó wà nínú irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Òfin tí àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ti Celsius (°C) dín kù, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ó bá sì fi 10 pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á gé sí ìdajì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ tábìlì ni wọ́n gbé àpótí iná yìí sí, pẹ̀lú pákó níwájú, pákó lẹ́yìn, pákó lórí. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pààrọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ìwọ̀n fóòtì náà, káfíńtà sì gé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìkùn 100 lọ ní ọjọ́ náà.

Ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ IC ni èrò bàbá àti tèmi yà. Ọmọ wọn tí ó wà ní London ti fi fóònù ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ọmọ mi sọ pé TL072 tó wà nínú rẹ̀ ti di ti àtijọ́, òun ló ń pariwo. Ó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a fi NE5532 sí i. Mo ti fi owó rẹ̀ pamọ́."

Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ṣánẹ́lì kan ṣoṣo dán an wò ná, kí á tó kó gbogbo ẹran sínú ìkòkò."

Kì í ṣe òótọ́ pé ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́ tí èkejì sì jẹ́ tuntun. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni IC méjèèjì jọ jáde. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ ni pé ariwo NE5532 kéré sí ti TL072. Bí àwọn tí ó ṣe wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ti TL072 jẹ́ 18 nV/√Hz (òṣùwọ̀n ariwo IC), ti NE5532 sì jẹ́ 5. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà yẹn nìkan á sáré lọ sí ọjà.

Mo yan ṣánẹ́lì 23, nítorí pé apá òpin ni ó wà, wọn kì í sì í sábà lò ó. Mo yọ IC méje tí ó wà nínú rẹ̀, mo jó sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ojú wọn kí ó lè rọrùn láti dá ohun gbogbo padà, mo sì fi NE5532 méje síbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe ní ọjọ́ náà nìyí: mo tan iná kí n tó jó kapásítọ̀ kékeré 100 nF sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná IC kọ̀ọ̀kan. NE5532 yára ju TL072 lọ ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì níbí yìí. Bí wáyà iná bá gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò sì sí kapásítọ̀ nítòsí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Ṣánẹ́lì náà kàn ń dún bí ẹni tí ó di imú ni. Mo fi ìka kan ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn IC náà, mo sì yọ ọ́ kíá, nítorí pé ó ti gbóná kọjá ohun tí awọ ara lè gbà. Nígbà tí mo gbé ọsilosíkóòpù lé e, ìlà tí ó yẹ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ti nípọn bí okùn. Mo pa iná, mo jó kapásítọ̀ mẹ́rìnlá síbẹ̀, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni a wá fetí sí i dáadáa, èmi àti bàbá, pẹ̀lú họ̀ọ̀nù etí. Híhó ṣánẹ́lì náà dín kù díẹ̀, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀bù tírẹ́bù àti ti béèsì, tí kò tíì ha rí lára ṣánẹ́lì yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí a bá ti yí wọn. Bàbá wò mí lójú. Mo ṣàlàyé fún wọn bí ó ti rí. Ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ TL072 kì í mu iná tí a lè kà sí nǹkan. Ti NE5532 ń mu bíi 200 nA, ìyẹn ìdá bílíọ̀nù áńpù lọ́nà 200. Nọ́ọ̀bù tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti 100,000 ohm (òṣùwọ̀n bí nǹkan ti ń dí iná lọ́nà tó), iná 200 nA tí ó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá á fi fóòtì 0.02 ti DC sílẹ̀ lójú rẹ̀. Fóòtì yìí ni ọwọ́ nọ́ọ̀bù ń fà kiri nígbà tí a bá ń yí i, òun ni a sì ń gbọ́ bí ìha. Àwọn tí ó ya àwòrán míkísà yìí ní ọdún náà lọ́hùn-ún mọ IC tí wọ́n fẹ́ lò, orí ìwà IC yẹn ni wọ́n sì kọ́ ilé náà lé. Kí a tó lè fi 5532 sí gbogbo rẹ̀, a ó ní láti fi kapásítọ̀ tuntun dí ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a bá sì ṣe tán, míkísà mìíràn ni a ó ti ṣe.

Ìṣirò kejì ni ó parí àríyànjiyàn náà. TL072 kan ń mu bíi 2.8 mA (ìdá ẹgbẹ̀rún áńpù ni mA), NE5532 kan ń mu bíi 8 mA. IC méje ni ó wà nínú ṣánẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ṣánẹ́lì sì jẹ́ 24. Bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn ṣánẹ́lì ń mu nǹkan bí áńpù 0.47, bí a bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, wọn yóò máa mu áńpù 1.34. Apá àárín míkísà náà ń mu bí áńpù 0.4 tirẹ̀ lọ́tọ̀, àpótí iná náà kò sì gbọdọ̀ pèsè ju áńpù 1.5 lọ. Àpótí iná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé pákó ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ooru, ni a ó tún wá di ẹrù lé lórí. Bàbá ti wakọ̀ akẹ́rù rí nígbà èwe wọn, kíá ni ọ̀rọ̀ ẹrù yìí yé wọn. Wọ́n ní kí n dá ṣánẹ́lì 23 padà sí bí ó ti wà, mo sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Níbo ni híhó náà ti ń wá nígbà náà? Oríta ni. Mo ń pe ibi tí ohùn gbogbo ṣánẹ́lì ti ń pàdé kí wọ́n tó jáde ní oríta, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí: ọ̀nà 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹsísítọ̀ tirẹ̀, èròjà tí ń dí iná lọ́nà, gbogbo wọn já sí ẹnu IC kan ṣoṣo lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. IC oríta ń sọ ohùn ṣánẹ́lì kọ̀ọ̀kan jáde bí ó ṣe wọlé, kò dín in, kò fi kún un. Ṣùgbọ́n ariwo ti ara rẹ̀, ìlọ́po 25 ni ó ń sọ ọ́ dà: 24 fún àwọn ọ̀nà tí ó já sí i lẹ́nu, 1 fún òun alára. Ìlọ́po 25 jẹ́ dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 28, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohùn. Níbí yìí ni 18 àti 5 ti ṣe pàtàkì ní tòótọ́. Níbí yìí náà ni kò ti sí nọ́ọ̀bù kankan tí yóò ha. Nínú IC tí ó lé ní igba, mẹ́wàá péré ni mo yí padà: àwọn tí ó wà ní oríta òsì àti ọ̀tún àti ní oríta gúrúùpù mẹ́jọ, níbi tí a ti lè kó ṣánẹ́lì bíi mélòó kan jọ. Mo jó kapásítọ̀ 100 nF sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé ọsilosíkóòpù lé gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan kí n tó pa ìdérí dé. Híhó tí ó ń bá ohùn jáde nínú míkísà fi dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 9 dín kù. Bàbá ń yí nọ́ọ̀bù sípíkà sókè, wọ́n ń yí i sókè sí i, wọ́n ń dúró de híhó tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọn kò gbọ́ ọ, wọ́n bi mí bóyá mo ti tan iná sípíkà.

Ìkùn 50 ṣì wà. Ìdí rẹ̀ ni ibi tí wọ́n so ẹsẹ̀ kìíní àwọn ihò maikirofóònù mọ́. Ẹsẹ̀ kìíní ni ó ń gba aṣọ wáyà tí ó bo wáyà maikirofóònù, aṣọ yìí ni ó sì ń gbe ìkùn inú yàrá mọ́ra kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ ohùn. Nínú míkísà yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, orí pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n so ó sí, àárín ọ̀nà tí ohùn ń gbà, dípò ara irin. Bí ìgbà tí a ya gọ́tà òjò gba àárín pálọ̀ ni. Ní ọdún 1995 ni Neil Muncy, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, kọ nípa àìsàn yìí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ohùn, ìlànà tí ẹgbẹ́ náà fi lélẹ̀ lórí rẹ̀, AES48, sì jáde ní ọdún 2005. Míkísà ọdún 1983 kò lè ti gbọ́ nípa rẹ̀. Mo gé ìlà bàbà kékeré kan lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wáyà kúkúrú tí ó nípọn so ẹsẹ̀ kìíní mọ́ ara irin, ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà gan-an. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, ọjọ́ méjì gbáko ni ó sì gbà mí. Lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú wáyà áàtì ní ojú rẹ̀, ìkùn náà rélẹ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n gé wáyà áàtì lọ.

Nínú ṣánẹ́lì mẹ́fà tí ó ti dákẹ́, mẹ́rin kò kú. Ẹnu wáyà pẹlẹbẹ tí ó so wọ́n mọ́ ara wọn ni ó ti dúdú. Mo yọ ọ́, mo fọ̀ ọ́, mo tì í padà, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní IC tí ó jóná. Ẹ̀kẹfà ni omi kapásítọ̀ ti jẹ ìlà bàbà rẹ̀ títí ó fi já, mo sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ṣe afárá lé e lórí.

Kapásítọ̀ kéékèèké inú àwọn ṣánẹ́lì ni ó gba àkókò jù. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra àwọn àkọ́kọ́ lọ́jà, mo sì fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó lò ó. Ó dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà nínú wọn tí ohun tí a kọ sí wọn lára kò bá ohun tí mítà sọ mu. Mo fi abẹ gé ìdí ọ̀kan: kapásítọ̀ kékeré mìíràn ni ó dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ bí ọmọ inú oyún, òfìfo sì ni ìyókù agolo náà. Mo dá gbogbo ẹrù náà padà fún ẹni tí ó tà á fún mi, mo sì ní kí ẹnì kan tí ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá mi kó òmíràn wá. Ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́ ni mo lò níbi gbogbo. Àwọn kan gbà pé bí kapásítọ̀ bá tóbi sí i ni ohùn á ṣe dára sí i, ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù á pẹ́ kí ó tó kún, míkísà á sì máa lu gbìì ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Àwọn kapásítọ̀ tí kì í ṣe olómi, tí wọ́n wà ní apá tírẹ́bù àti béèsì, kò gbó rárá lẹ́yìn ogójì ọdún. N kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ti àwọn fédà dùn mí. Ẹnì kan ti fọ́n epo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tí ó ti dípẹtà sínú gbogbo wọn. Irú epo bẹ́ẹ̀ a máa pa ìha fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé, eruku á sì wọlé bá a. Nígbà tí mo ṣí fédà àkọ́kọ́, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ jọ àmàlà tí ó ti sùn: ó dúdú, ó fà, àmì ọ̀nà tí ọwọ́ fédà ń gbà sì wà láàárín rẹ̀ bí ipa kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ojú ọ̀nà inú fédà jẹ́ ike tí ó ń gbé iná, kò sì fẹ́ kẹ́míkà líle tàbí aṣọ líle. Mo fi ẹ̀mí ọtí tí wọ́n ń pè ní isopropyl rẹ búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì tún ń fọ̀ ọ́, kí n tó fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà fún fédà sí ẹ̀gbẹ́ irin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lé. Mọ́kàndínlógún là á já. Ìka irin inú márùn-ún yòókù ti kán, a sì ra tuntun fún wọn.

Ohun kan ni bàbá bẹ̀bẹ̀ fún tí kì í ṣe àtúnṣe. Gúrúùpù mẹ́jọ ni míkísà náà ní, ohùn mẹ́jọ péré ni ó sì lè fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ayé téèpù, ìyẹn pọ̀: nígbà tí Paul McCartney, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá ní ọdún 1973, téèpù oní-ìlà mẹ́jọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni bàbá fi ń gba ohùn báyìí, wọ́n sì fẹ́ kí gángan, ìyá ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti gìtá mẹ́ta wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí akọrin àti àwọn elégbè náà sì ní tiwọn. Ẹ̀yìn ṣánẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ihò kan tí àwọn tí ó ṣe é fi ike dí, fún irú ìlò yìí gan-an. Mo yọ ike mẹ́rìndínlógún, mo fi ihò jáàkì sí ojú wọn, mo sì fa ohùn wá láti ẹ̀yìn fédà nípasẹ̀ rẹsísítọ̀ 75 ohm, kí gígùn wáyà tí ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà má bàa da IC láàmú. N kò lu ihò tuntun kan ṣoṣo sára irin míkísà náà. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ lọ́la, wákàtí díẹ̀ ni yóò gbà á. Gbogbo ìyípadà ni mo kọ sínú ìwé ajákọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà pánẹ́ẹ̀lì, àwọn IC mẹ́wàá tí mo yọ sì wà nínú ọ̀rá tí mo kọ orúkọ sí, nínú dúrọ́ọ̀ abẹ́ míkísà.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹgbẹ́ jùjú kan wá. Ìkùn kò sí, híhó kò sí, ìha kò sí. Ṣùgbọ́n bí ìlù ti bẹ̀rẹ̀ ni bàbá fa ojú ro. Wọ́n ní ohùn náà wúwo jù, pé béèsì ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, pé bóyá kapásítọ̀ tuntun wọ̀nyí ni kò bá míkísà mu. Mo kọ́kọ́ ṣàníyàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mo ti ń rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ láìkà á sí: yípo nọ́ọ̀bù béèsì kọ̀ọ̀kan, bàbá ti fi ọ̀dà funfun tí akọ̀wé fi ń pa àṣìṣe rẹ́ sàmì sí ibi tí wọ́n máa ń gbé e sí, gbogbo àmì náà sì wà lápá ọ̀tún, lókè. Kapásítọ̀ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣánẹ́lì, tí ó yẹ kí ó jẹ́ 10 µF, ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bá àwọn tí kò ju 0.2 lọ mọ́. Kapásítọ̀ 0.2 níwájú rẹsísítọ̀ 10,000 ohm á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn tí ó bá wà lábẹ́ 80 Hz (ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí ikùn ìlù wà. Bí ó ti ń gbẹ lọ́dọọdún ni bàbá ń yí nọ́ọ̀bù sókè díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ̀rọ ni àwọn ń gbà là. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti bọ̀ sípò, ọwọ́ wọn ṣì wà níbi tí ó ti ń ràn án lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n dá gbogbo nọ́ọ̀bù béèsì padà sí àárín. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, láti ṣánẹ́lì 1 dé 24, láìyára. Wọ́n ní kí onígángan tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fetí sí i títí orin kan fi parí, wọn kò sọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi èékánná ha àmì funfun ẹ̀gbẹ́ ṣánẹ́lì 1 kúrò, wọ́n sì ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ bá àwọn mú ọ̀dà náà wá.

Ṣánẹ́lì 17 ṣì ń jẹ́ kí ohùn 16 jò sínú rẹ̀ díẹ̀ bí a bá gbé fédà rẹ̀ sókè tán. N kò tíì rí ìdí rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ajákọ náà, màá sì padà lọ nígbà tí ọyẹ́ bá ti kọjá.